Ìdò Tí Bàbá Wa Fi Pa Ààlà

Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tó o di fóònù mú yẹn, gbé e sílẹ̀ díẹ̀, ayé ò ní parẹ́ tó ò bá wò ó. Ẹ ní kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà tí mo kéré, mo sì fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ti dà mí lórí rú láti bí ọjọ́ mélòó kan. Bí mo bá ń lọ síwájú tí mo tún ń padà sẹ́yìn, ẹ má bínú. Orí tó ti gbó ni, n ò mutí. Èdè ilé ìwé ni n ó sì fi sọ ọ́ fún yín. Bí mo bá fi Rẹ́mọ wa gidi sọ ọ́, ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Èkó, ẹnu mi lẹ ó kàn máa wò.

Ṣé ẹ mọ omidan tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ yẹn, èyí tó ń wa mọ́tò funfun lọ sí yunifásítì? Dókítà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó kọ́kọ́ kó dé, inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ti gbé oníṣègùn wọlé mi nítorí orúnkún mi yìí. Mo ká aṣọ sókè, mo fi orúnkún hàn án. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, dókítà ewéko ni mí, n kì í ṣe dókítà èèyàn." Háà! Mo ní ìgbà wo ni ewé ń ṣàìsàn tó fi nílò dókítà? Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ dáadáa ni. Tí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀ báyìí, kò ní dáná mọ́, kò ní fọṣọ, ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí ìjọ wọn ṣe ń pa Sábáàtì mọ́ nìyẹn. Èmi ni mo máa ń bu omi tútù fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó máa ń ní àdúrà òun wà lórí mi.

Òun ló kó mi sínú ìdààmú yìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kó ewéko dé láti ìsàlẹ̀ odò, ó tẹ́ wọn síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀. Ewé eéran wà níbẹ̀, gbòdògì wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, àti ìdò pẹ̀lú òdòdó pupa lórí. Ó tún mú atalẹ̀ àti ataare láti inú ilé ìdáná mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?" Mo wò ó. Èmi tí wọ́n fi ewé eéran pọ́n oúnjẹ ìsọmọlórúkọ mi! Mo dárúkọ gbogbo wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn?"

Mo ní ẹbí báwo? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ga ju òrùlé lọ àti atalẹ̀ tó sùn sínú ilẹ̀? Ataare tó ń ta lẹ́nu àti ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, agboolé mẹ́jọ ló wà nínú ẹbí náà, ìlú ibòmíràn ni àwọn kan nínú wọn ń gbé, a ò rí wọn rí níhìn-ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní agboolé tirẹ̀. Atalẹ̀ àti ataare, agboolé kan náà. Ewé eéran àti gbòdògì, agboolé kan náà. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún wà ní tirẹ̀, ìdò sì ń dá gbé tirẹ̀. Ó ní kí n wo bí ewé wọn ṣe ń jáde, gbogbo wọn ló ń ká jọ bí ẹní kó tó tú. Mo wò ó, òótọ́ ni. Ó ní kí n wo ilà ara ewé wọn, ọ̀kan tó tóbi láàárín, àwọn wẹ́wẹ́ á wá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí dé etí. Òótọ́ ni. Ó tún ní ohun tí a ń pè ní igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kì í ṣe igi, pé ewé ló wé mọ́ ewé. Ó ní igi rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀ nínú ilẹ̀. Mo jókòó. Ọjọ́ wo ni mo ti ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láyé yìí?

Nígbà tiwa, a ò pín ewé báyẹn. Iṣẹ́ la fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ará ilé ẹni. Ewé eéran ló ń gba ooru, òun la fi ń pọ́n ẹbìrìpò. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, kókò la ń rin, a ó pò ó pẹ̀lú iyọ̀ àti ata, a ó wé e, a ó sè é nínú ooru omi. Bẹ́ ẹ bá tú u, òórùn ewé yẹn ló kọ́kọ́ máa kí yín kẹ́ ẹ tó rí oúnjẹ. Lónìí ọ̀rá ni wọ́n ń fi sè é. Mo jẹ ọ̀kan ní Ṣàgámù níhìn-ín lóṣù tó kọjá, àfi bí ìgbà tí mo jẹ ike. Gbòdògì ní tirẹ̀, obì ló ń wé. Kò ní jẹ́ kí obì gbẹ, kò sì ní jẹ́ kó làágùn. Àwọn Hausa tó wà ní Sábó nígbà náà, ewé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò nínú agbọ̀n kí wọ́n tó wo obì. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀lẹ ni. Bí o kò bá fi í yáná kó rọ̀, yóò ya mọ́ ọ lọ́wọ́. Atalẹ̀ àti ataare, ohun tó ń ta ni wọ́n. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, ti ọmọdé ni, a máa ń jẹ igi rẹ̀ lẹ́nu bá a bá ń lọ sódò, ó kan díẹ̀, omi rẹ̀ sì pọ̀.

Ìdò ńkọ́? Ìdò ò wúlò fún oúnjẹ kankan. Èso rẹ̀ dúdú, ó le koránkorán, a máa ń kó o sínú agbè kékeré fún ọmọ ọwọ́ láti máa mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ìdò tó ń dá gbé yìí gan-an ló wá ba ilé wa jẹ́.

Ìyàwó méjì ni bàbá wa ní. Ìyá mi ni ìyálé, ìyá Àbíkẹ́ ni ìyàwó kékeré. Mo fi ọdún mẹ́ta ju Àbíkẹ́ lọ. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, torí kò wọ ilé yìí rí láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé. Bàbá wa ní ilẹ̀ kan ní etí odò, lẹ́yìn àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù níbí. Kì í ṣe pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Ní ayé ìgbà yẹn, ohun tó bá hù níbẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni ín. Wọ́n ní ibi tí ewé eéran àti gbòdògì wà, ti ìyálé ni. Ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ti ìyàwó kékeré ni. Àwọn ẹlòmíràn ń fi pèrègún pa ààlà, ṣùgbọ́n bàbá wa ní pupa ìdò dára lójú, kí àwọn ìyàwó àwọn máa rí òdòdó bí wọ́n bá ń lọ ponmi. Wọ́n gbìn ín láti ìdí igi kan tó wà lókè títí dé etí omi. Mo wà níbẹ̀. Èmi àti Àbíkẹ́ la gbé ọmọ ìdò dání fún wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Láàárọ̀ kùtù, kí ìrì tó gbẹ, ẹ ó kàn máa gbọ́ fàà, fàà, fàà, ìyá mi ń fa ewé. Wọn kì í fi ọ̀bẹ gé e tó bá jẹ́ pé igi rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹní. Àbíkẹ́ á máa kọrin lọ́hùn-ún nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi á máa gbè é níhìn-ín. Ní ìsàlẹ̀ ewé eéran, ẹ ó rí èso pupa kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, tẹ́ ẹ lá ohun tó wà nínú rẹ̀, adùn yẹn kì í kúrò lẹ́nu bọ̀rọ̀, ṣúgà ò tó o. A máa ń pín in sí méjì géérégé. Nígbà ọdún Orò, tí obìnrin ò gbọ́dọ̀ jáde, a ó ti fa ewé tó máa tó gbogbo agboolé sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú. A ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa, a ó máa pọ́n ẹbìrìpò. Àbíkẹ́ ló máa ń ká ewé, èmi ni mo máa ń bù ú sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ká ewé bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, kò ní jò.

Lọ́dún kan, ìyá mi lọ sí Ìjẹ̀bú, wọ́n ní kí n wé obì inú agbọ̀n mẹ́ta. Gbòdògì ti tán nítòsí, ó di kí n lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀lẹ mú mi. Mo fa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá Àbíkẹ́, mo fi wé e. Yéè! Nígbà tí ìyá mi fi dé, obì ti làágùn, ó ti hu funfun. Ìyá mi mú pankẹ́rẹ́. Kí n tó la ẹnu, Àbíkẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀ọ́mi, àwa méjèèjì la jọ wé e." Irọ́ ni. Kò tilẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Ó jẹ ìdajì pankẹ́rẹ́ náà fún mi. A sunkún pọ̀, a tún rẹ́rìn-ín pọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún mi, n ó padà sí i.

Níbo ni mo dé? Ẹn-ẹn, ìdò.

Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá mi ní kí wọ́n gé igi tó wà ní orí ààlà, torí ó ń wó ẹ̀ka lé ewé wọn. Wọ́n gé e, ó ku kùkùté. Oòrùn wá ń wọ ọ̀dọ̀ wa dáadáa. Àbí ṣáájú kí bàbá tó kú ni? Rárá o, lẹ́yìn ikú wọn ni, torí àkókò ọ̀fọ̀ ni. Ṣé ẹ rí bí orí ṣe ń ṣe mí? Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí èmi àti Àbíkẹ́ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, mo dé odò lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ìdò ti kọjá kùkùté. Ní ayé bàbá wa, ọ̀dọ̀ àwọn Àbíkẹ́ ni ìdò wà sí igi yẹn. Báyìí, ó ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Mo ní bóyá ojú mi ni. Ọdún kejì, ó tún sún mọ́ wa sí i. Nígbà tó di ọdún kẹrin, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti kùkùté, ìgbésẹ̀ mẹ́rin gbáko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àbíkẹ́ sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Inú bí mi. N ò ní parọ́ fún yín, inú bí mi gidigidi. Mo ní ọmọ bàbá mi ń hú ààlà bàbá mi! N ò lọ bá a nílé. Ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn, kí n lọ bá a nílé. Ojú ọjà ewé ni mo ti bá a, láàárín àwọn obìnrin. Mo ní, "Àbíkẹ́, bó o bá fẹ́ ilẹ̀, bẹ̀ mí, má jí i gbé ní ìdájí." Gbogbo ọjà yíjú sí wa. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n ò fọwọ́ kan ìdò. Ìdò ló ń rìn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà bú sẹ́rìn-ín! Ewéko tó ń rìn! Ẹnìkan ní ṣé bàtà ló ń wọ̀ ni? Ẹlòmíràn ní ó di dandan kí wọ́n so ewédú òun mọ́lẹ̀ lálẹ́ kó má baà sá lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní, "Ìdò-ń-rìn, má rìn dé ilé mi." Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ kékeré ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Ìdò-ń-rìn. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó.

Olórí ẹbí pe ìpàdé sí etí odò. Wọ́n wo kùkùté, wọ́n wo ìdò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, wọ́n sì ti fi ojú rí i. Wọ́n bi Àbíkẹ́, ó tún sọ ohun kan náà, omi ń dà lójú rẹ̀, pé òun ò hú u, ìdò ló ń rìn, pé òun náà ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí. Olórí ẹbí fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò parọ́ rí." Èmi ni mo dìde. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, "Ó parọ́ rí o. Ó parọ́ fún ìyá mi lórí ọ̀rọ̀ obì. Ẹni tó lè parọ́ nítorí mi, ṣé kò lè parọ́ nítorí ara rẹ̀?"

Mo sọ ọ́. Mo fi ẹnu mi yìí sọ ọ́. Àbíkẹ́ yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Wọ́n gé ìdò, wọ́n dá a padà sí ẹ̀yìn kùkùté. Kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, Àbíkẹ́ ti kó ìyá rẹ̀, ó lọ fẹ́ ọkọ sí Ìpẹru, wọn ò sì padà wá mọ́. Ìpẹru tí kẹ̀kẹ́ ń gbé èèyàn dé kó tó ṣẹ́jú! Nígbà tí ìyá mi kú, ó wá, ó dúró sí ìta, ó kí àwọn èèyàn, kò wọlé, kò jẹ, kò mu. Nígbà tí mo bí ìyá yín, mo fi ẹbìrìpò ránṣẹ́ sí i. Ó dá a padà pẹ̀lú ewé rẹ̀, kò tú u.

Ẹ ti rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé kọ́ ló dà mí lórí rú. Lẹ́yìn tí Dókítà ti sọ pé ẹbí kan ni wọ́n, ó ní kí n bá òun dé ibi tí òun ti já ìdò, òun fẹ́ fi nǹkan hàn mí. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá mi. Ibẹ̀ ti yàtọ̀, ilé ti kún gbogbo òkè, òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké ni wọ́n fi ń pa ààlà báyìí. Kùkùté ti jẹrà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú rẹ̀. Ìdò sì ti tún kọjá rẹ̀! Mo dúró. Mo ní, "Ta ló hú èyí? Kò sẹ́ni tó ń dáko níbí mọ́."

Dókítà fi ọkọ́ wa ìdí ìdò kan, díẹ̀díẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Gbòǹgbò kan wà níbẹ̀ tó nà gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀, ó ní oríkèé oríkèé bíi ti atalẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, igi rẹ̀ gan-an nìyí. Kì í lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Gbogbo ẹbí yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, atalẹ̀, ewé eéran, gbogbo wọn. Ti ẹ̀yìn á kú, ti iwájú á hù. Ibi tí wọ́n bá ti rí oòrùn àti omi ni wọ́n ń lọ." Ó fi ìka tẹ̀ lé oríkèé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ sẹ́yìn, ó wá nàka sí kùkùté.

Mo ní, "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ó ń rìn?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ń rìn."

Mo yíjú wo kùkùté. Oòrùn ló ní ó ń wá. Ta ló gé igi tí oòrùn fi wọlé? Àwa ni. Ọ̀dọ̀ Àbíkẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó, ìdò kò rí oòrùn níbẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí kò sì yé mi di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni pé mo mọ̀. Ọjọ́ gbogbo ni mò ń wa atalẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń sùn lọ. Ọjọ́ gbogbo ni mò ń rí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yọ níbi tí a ò gbìn ín sí. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ nǹkan lọ́wọ́, tí kò mọ̀ ọ́n lórí? Mo bi Dókítà, ó ní òun ò mọ̀. Dókítà ńlá! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló wá sọ fún wọn pé ogún ọdún péré ni? Tèmi ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, n ò kúrò nílé. Ẹ̀rù ń bà mí. Àbíkẹ́ lè má fẹ́ rí mi, tàbí kó ti gbàgbé mi pátápátá, ẹ mọ bí ọjọ́ orí ṣe ń ṣe èèyàn. Mo tún ń rò ó pé bí mo bá lọ́ra, ọ̀kan nínú wa lè kú. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rin kókò fúnra mi. Mo fa ewé eéran ní odò, mo pọ́n ẹbìrìpò mẹ́fà. Mẹ́rin jò, torí n ò mọ ewé ká bíi tirẹ̀. Mo kó méjì tó dára, Dókítà fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí Ìpẹru.

Mo bá a lójú agbàlá iwájú ilé rẹ̀, ẹ̀bá títì, lórí àpótí. Irun rẹ̀ ti funfun báláú. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi bí àbúrò ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Kò ní kí n jókòó. Mo gbé ojú kúrò lójú rẹ̀. Ibi tí mo gbé ojú sí, mo rí ike ọ̀dà ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìdò ni ó gbìn sínú rẹ̀, ó yọ òdòdó pupa.

Mo ní, "Àbíkẹ́, kí ló dé tó o gbìn ín sínú ike?"

Ó ní, "Kó má baà rìn lọ sílẹ̀ ẹlòmíràn, Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo sún mọ́ ọn. Ike náà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdò ti gba ibẹ̀ jáde, ó ti wọ ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti hù lápá ibi tí oòrùn wà. N ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Orúnkún tí mò ń dáàbò bò látọdún mẹ́wàá, mo kúnlẹ̀ lé e. Ó pariwo, ó ní, "Ẹ dìde o! Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò!" Mo ní, "Jẹ́ n kúnlẹ̀. Àbíkẹ́, ìdò ń rìn. Mo ti fojú ara mi rí i. Ìwọ kọ́ lo hú u. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọ."

Ó gbé ojú sí títì.  Ọ̀kadà ń kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojú ọjà lẹ ti sọ èyí àkọ́kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Mo di etí ike mú, mo dìde, mo fi ọ̀pá rìn dé etí títì. Mo gbé ohùn sókè, ohùn tí mo fi ń polówó ewé láyé àtijọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ará Ìpẹru, ẹ gbọ́ o! Ìdò ń rìn o! Àbíkẹ́ àbúrò mi ò hú u o! Òun ló sọ òótọ́, èmi ni òpùrọ́! Ìdò ń rìn!" Ọlọ́kadà kan tẹ bíréèkì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sọ fún ẹni tó gbé sẹ́yìn, "Màmá yìí ti ń ṣarán." Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. Àbíkẹ́ náà, kí ni wọ́n ò sọ sí i?

Nígbà tí mo padà, ó ti jókòó, omi wà lójú rẹ̀, ó ti gbé àpótí kejì jáde. Ó na ọwọ́, mo gbé ẹbìrìpò lé e. Ó gbóòórùn ewé, ó tú u jẹ́jẹ́, ó wo bí mo ṣe ká a, ó mi orí. Ó pín in sí méjì géérégé, ó fún mi ní ìdajì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ewé ká síbẹ̀."